Àwọn Ọmọ Ogun Inú Ẹ̀jẹ̀ Àìná

Ilé Suhaib ọkọ Amudat,
Ẹ̀yìn ọjà Bulabulin,
Maiduguri.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Rasaq ọmọ mi, Àlàmú ọmọ Ògúnmọ́lá,

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó ka ìwé yìí. Bí o bá sì ti jókòó, dìde kí o jó yíká lẹ́ẹ̀kan kí o tó padà jókòó, nítorí pé a ti ṣẹ́gun, ìdí ẹ̀ ni mo sì fi mú kálàmù. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iṣẹ́ báńkì ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe mọ́ ọ ti rọlẹ̀ díẹ̀? Tèmi àfẹ́sọ́nà rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun kánú báyìí? Ọlọ́run Ọba tó fi owó gbogbo ará Èkó sí ìkáwọ́ rẹ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò jẹ́ kí ojú rẹ wọ ọ̀kan nínú ẹ̀, yóò fi tìrẹ náà sí ọ lọ́wọ́. O ò ní ṣìṣe, o ò ní ṣàìsàn, ẹsẹ̀ tó ń gbé ọ jáde ni yóò máa gbé ọ wọlé. Àmín, kí o sì ṣe àmín náà sókè kí n lè mọ̀ pé o ṣe é.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí Màámi ò pè mí lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, Suhaib sì ti ṣàlàyé fún mi pé kí ohùn tó dé Èkó, orí irin gíga kan ló máa ń gbà kọjá. Mo ti rí irin náà. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló wà, lékeléke kún orí ẹ̀ fọ́fọ́, èmi ò sì lè jẹ́ kí ẹyẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdílé wa kí ọmọ mi tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ o, ìwé mẹ́fà tí bàbá mi jẹ́ kí n kà kò tíì ṣí kúrò lórí mi.

O rántí pé ogójì ọjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá dé ni mo ní mo fẹ́ lò níbí, kí n fi wẹ ọmọ fún Amudat kí n sì padà sílé lọ kó irú mi tó wà lórí iná. Ó ti di oṣù kọkànlá. O ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé ìgbà wo ni mo ń bọ̀, mo ní kò pẹ́ mọ́, o ní kí ni mo ń dúró dè, mo ní oòrùn ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Nǹkan kan wà tí mo ń dúró dè, àná ló sì tẹ̀ mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo ń bọ̀, àwọn sójà ń dá ọkọ̀ wa dúró ṣáá lójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè kí ló ń rùn. Mo ní irú ni, irú wa láti ẹ̀bá Ìsẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, ó ti pé ọdún mẹ́ta tí òun ti gbóòórùn ilé gbẹ̀yìn, mo sì bu díẹ̀ fún un sínú ọ̀rá. Mo wo ojú ọmọ yẹn dáadáa. Ìbọn wà lọ́rùn rẹ̀, ó dúró gírí, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Fi ojú sójà yẹn sọ́kàn, màá tún padà sórí ẹ̀.

Ìlú yìí gbóná o! Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ibẹ̀ mọ ìkíni ju àwa ọmọ káàárọ̀-oò-jíire lọ. Bí o bá kí wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kí ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, sannu, sannu, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á béèrè ooru, kí o tó rí àyè ra tòmátì ọ̀sán ti pọ́n. Suhaib ọkọ àbúrò rẹ, tí wọ́n bí síbí, bó bá ń sọ Yorùbá, ó máa ń dá dúró láàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n bó bá bọ́ sí Hausa, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Ó ń ta fáànù ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Post Office, fáànù ńlá, fáànù kékeré, èyí tó ń lo oòrùn àti èyí tó ń lo iná. Ibẹ̀ náà ni obìnrin kan ti ń fi ẹ̀rọ kékeré san owó tí o ń fi ránṣẹ́ fún mi, ìgbàkigbà tó bá sì ti san án tán ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi kí ọ nínú ẹ̀rọ yẹn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni òdìkejì ẹ̀ wà. Ó ní òun ti kí ọ. N kò mọ̀ bóyá ó ń jẹ́ ọ.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni mo bá Amudat ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, tòun ti oyún oṣù méje, tó ń dọ́gbọ́n gbé oògùn mì kí n má baà rí i. Mo ní kí ló dé. Ó sọkún kí ó tó sọ ọ́. Níbi tó ti lọ gba káàdì aboyún ni wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì rí mẹ́dọ̀wú nínú ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Hẹpatáítìsì B, tí àwọn ará ibí ń pè ní ciwon hanta. Àlàmú, n kò ní purọ́ fún ọ, ilé ọkọ rẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ. Mo ní ọmọ mi mọ́ nígbà tí mo fà á lé wọn lọ́wọ́, àwọn ni wọ́n kó o ràn án. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá Suhaib yan odì, bó bá bu omi fún mi, màá dà á sídìí igi dongoyaro tó wà ní àgbàlá.

Mo tún wo ojú Amudat, ó funfun báláú. Lábúlé wa, ẹni tí ẹ̀dọ̀ bá ń dà láàmú, ojú rẹ̀ á pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, gbogbo ayé á mọ̀. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n wò. Mo wé gèlè mi le, mo ní kí wọ́n mú mi lọ bá ẹni tó ka ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún.

Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni Dókítà Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọ Ìkéré, agùnbánirọ̀ tí ìjọba gbé wá síbí láti wá fi ọdún kan sìnlú. Ọmọdébìnrin pẹ́ńpẹ́ ni, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ ní kí ó lọ bá mi pe màmá rẹ̀ wá. Kò bínú. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga, ó wá fi Yorùbá tó já gaara ṣàlàyé.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa? Wọ́n wà o! Dókítà ní bí kòkòrò mẹ́dọ̀wú yìí bá wọ ara àgbàlagbà, kíá ni wọ́n á mọ̀ pé olè ló wọlé, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á sì lé e jáde pátápátá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni olè bá a wọlé, àwọn ọmọ ogun ọmọ náà kò tíì gbọ́n, wọn ò tíì mọ ará ilé yàtọ̀ sí àlejò, ọmọ ilé ni wọ́n á kà á sí. Wọ́n á jọ máa gbé. Olè á wọ inú ẹ̀dọ̀ lọ, á tẹ́ ẹní, á máa bímọ síbẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí ojú Amudat fi funfun, pé kì í ṣe olè gan-an ló ń ba ilé jẹ́, àwọn ọmọ ogun ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá tají tí wọ́n rí i pé àjèjì ni, gbogbo yàrá tí olè bá sá sí ni wọ́n á máa dáná sun, inú ẹ̀dọ̀ sì ni gbogbo yàrá ọ̀hún wà. Bí ìjà bá pẹ́, àpá á bo ẹ̀dọ̀. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rẹ àwọn ọmọ ogun, wọ́n á dúró síbẹ̀ tàwọn tìbọn, wọn ò ní lè yìn ín mọ́. Mo rántí ojú ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí mo fún nírú. Mo ní Dókítà, ó ti yé mi.

Mo ronú díẹ̀, ọgbọ́n kan sì sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní níwọ̀n bó ti jẹ́ ìjà ló ń ba ilé jẹ́, kí wọ́n bá mi wá oògùn oorun fún àwọn ọmọ ogun Amudat, kí wọ́n máa sùn lọ, kí olè jókòó jẹ́ẹ́, kí ilé má jó. Mo tiẹ̀ ń retí pé kí wọ́n yìn mí. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bí àwọn ọmọ ogun bá sùn, gbogbo olè ayé ni yóò wọlé, kò ní mọ sórí ẹyọ kan yìí. Ó ní oògùn tí Amudat ń gbé mì yẹn, olè ló ń dè lọ́wọ́ kí ó má lè bímọ púpọ̀, kí ìkankan má baà bá ọmọ inú rẹ̀ jáde.

Ó wá rọra bi mí pé ṣé wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ tèmi rí, nítorí bí tAmudat ṣe jọ èyí tó ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọjọ́ ìbí ló ti gbà á. Ẹ gbà mí! Inú bí mi débi pé mo ká apá aṣọ mi sókè bí ẹni fẹ́ wọ̀jà. Mo ní ẹ fà á, ẹ fà á kún ìgò, kí ẹ rí bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó mọ́ ṣe ń rí.

Kí wọ́n tó fà á, nọ́ọ̀sì kan gbé fọ́ọ̀mù wá, Falmata ni wọ́n ń pè é, ọmọ Kànúrí ni, ó ga, ó tutù lọ́rọ̀. Ó béèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, mo ní ọdún tí wọ́n bí mi ni àgbàdo ò ṣe dáadáa. Ó wá béèrè pé ọmọ mi mélòó. Àlàmú, ta ní ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Mo ní kí ó kọ ọ́ pé wọ́n tó ìwọ̀n tí Ọlọ́run fẹ́. Dókítà túmọ̀ ẹ̀ fún un, ó ní àyè nọ́ńbà ni. Mo ní kí wọ́n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo bẹ́ẹ̀, n kò ní fi ẹnu ara mi ka ọmọ mi fún ikú gbọ́. Nọ́ọ̀sì Falmata wò mí, ó sì fi í sílẹ̀ lófìfo.

Lọ́jọ́ kejì, èsì dé. Ó wà lára mi, Àlàmú. Lára èmi Àgbékẹ́ tí mo wé gèlè le. Wọ́n wo ti Suhaib náà, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ ti bá olè yìí pàdé rí láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀, wọ́n ti nà án jáde, ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tí mo ń fi ojú olè wò kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, àpò tèmi ni ẹrù òfin wà. Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo kúnlẹ̀ fún un láàárín fáànù. Ó pariwo a'a Mama, a'a Mama, pé rárá o, ó sá jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó gbogbo ọjà rẹ̀ lulẹ̀.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí ìyá mi, ìyá àgbà tó pọ̀n ọ́, bí ikùn rẹ̀ ṣe wú kí ó tó kú, àti bí gbogbo wa ṣe ń fi ojú burúkú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ló fún un lóúnjẹ jẹ. Dókítà ní òun ò lè búra, nítorí òun ò rí ẹ̀jẹ̀ ìyá mi, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ìyá ló ń gbé e fún ọmọ, tí ọmọ náà ń gbé e fún ọmọ tirẹ̀. Mo ní ta ló wá kàn báyìí. Ikùn Amudat ló wò.

Ní tèmi, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun mi ti jà wọ́n ti sé olè náà mọ́ yàrá kan, pé ẹ̀dọ̀ mi ṣì dára, kí n ṣáà máa wá lóṣù mẹ́fà mẹ́fà kí wọ́n máa yọjú wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kí wọn láràárọ̀. Bí mo bá kírun tán, màá gbé ọwọ́ lé ìhà ọ̀tún mi, màá ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìṣọ́, ẹ kú àìsùn. Bí mo bá ń jẹun, màá jẹ tèmi, màá tún bu abọ́ kan sí i fún wọn, nítorí ebi kì í jẹ́ kí ọmọ ogun jà. Oṣù kejì, ìró mi ò yí mi ká mọ́. Dókítà bá mi wí gidi, ó ní ọ̀rá náà ń da ẹ̀dọ̀ láàmú, pé àwọn ọmọ ogun mi ti yó láti ìgbà tí mo ti yó. Àgbo tí mo gbé wá láti ilé pàápàá, ó ní kí n má fi kàn án lẹ́nu, kí n má fún Amudat, kí n má fún ọmọ tó ń bọ̀. Mo dà á sídìí dongoyaro. Ọ̀sẹ̀ kejì, igi náà wọ́wé. Suhaib ní ọyẹ́ ni, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo dà sídìí ẹ̀.

Ọmọ wá dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, obìnrin, ó sì pupa bí osùn. Kí n tó parí ọpẹ́, Nọ́ọ̀sì Falmata ti gbé abẹ́rẹ́ méjì dé, ọ̀kan fún itan ọ̀tún, ọ̀kan fún itan òsì. Dókítà ní ọ̀kan jẹ́ àwọn ọmọ ogun àyálò tí yóò máa ṣọ́ ọmọ kí tirẹ̀ tó gbọ́n. Ó ní èkejì, ẹ̀wù olè ni, ẹ̀wù lásán, olè ò sí nínú ẹ̀, pé wọ́n á fi han àwọn ọmọ ogun ọmọ náà kí wọ́n lè dá olè mọ̀ lọ́jọ́ tó bá yọjú. Ó ní kò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ kan, pé bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo na apá méjèèjì. Mo ní a'a. Mo ní ẹ̀wù olè kọ́ ni yóò jẹ́ aṣọ tí ọmọ ọmọ mi máa kọ́kọ́ wọ̀ láyé. Mo tún ní ọmọ yìí ò tíì lórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, ó sì hàn sí mi gbangba pé bí wọ́n bá da ọmọ ogun sínú ara ẹni tí kò lórúkọ, ilé ta ni wọ́n á mọ̀ pé àwọn ń ṣọ́? Sójà tí kò mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀, ta ni yóò dá lóhùn? Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹjọ. Dókítà bẹ̀ mí. Suhaib ń bẹ̀ mí látìta, ó bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ó parí ẹ̀ ní Hausa. Mi ò mira. Ìgbà náà ni Amudat gbọ́wọ́ tilẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un, ẹ má jẹ́ kó dà bí èmi.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ò mọ bí yóò ṣe ṣí, nítorí àṣà tí mo bá nílẹ̀ ni. Mo kàn wo ọmọ náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì Falmata, mo rí ojú àmì pupa kan yí ọrùn rẹ̀ po, mo ní kí nìyẹn. Falmata fi ìka yí ọrùn ara rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ní ìwọ́ ló wé mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tó ń jáde, pé Falmata ló tú u.

Mo figbe ta! Ìwọ́ wé mọ́ ọn lọ́rùn? Àìná nìyẹn! Àìná, orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ tí kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ! Ọmọ ti gbé orúkọ rẹ̀ dání kí ẹnikẹ́ni tó rò ó! Mo kúrò lẹ́nu ọ̀nà, èmi fúnra mi ni mo di ẹsẹ̀ ọmọ mú, mo ní ẹ gún un, ẹ gún un kíá, kí ni ẹ ń dúró dè! Bí abẹ́rẹ́ sì ti ń wọlé ni mo tẹ̀ ba itan rẹ̀, mo sọ fún àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn pé Àìná ló ni yín o, ilé Àìná lẹ wà, ẹ̀wù tí ẹ rí yìí, ẹni tó bá wọ irú ẹ̀ wá, ẹ má béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹ̀. Àìná ké, igbe rẹ̀ dé ọjà. Áfà sọ ọ́ ní Nimotallahi lọ́jọ́ kẹjọ, ṣùgbọ́n Àìná ni gbogbo Bulabulin ń pè é.

Ó gba abẹ́rẹ́ yòókù nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àti mẹ́wàá, àti mẹ́rìnlá, ìkankan ò yẹ̀, èmi ni mo ń jí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n n kò fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Suhaib gbé àwòrán Àìná sórí WhatsApp, mo sì rí i lórí fóònù mi pẹ̀lú ojú ara mi, nígbà tó di ọjọ́ kejì, lákòókò kan náà, àwòrán ti pòórá. Mo kígbe, mo sáré wọ yàrá, mo bá ọmọ níbi tó ti ń jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni fóònù máa ń ṣe lẹ́yìn ọjọ́ kan. Kí ló dé tí ẹ ó fi gbé ọmọ èèyàn síbi tí nǹkan ti ń pòórá? Mo ní kó má dán an wò mọ́.

Dókítà ti sọ fún wa pé ó di ìgbà tó bá pé oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó lè wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí èsì sì dá wọn lójú. Ìyẹn ni oòrùn tí mo ń dúró dè, Àlàmú. Ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbà á. Àná, wọ́n pè wá. Amudat ò lè wọlé, ó jókòó síta, ó fi ìbòrí bojú. Èmi ni mo wọlé.

Dókítà Ọlájùmọ̀kẹ́ mú ìwé, òun tí yóò padà sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó jẹ́ pé òun náà ń ka ọjọ́. Ó ní wọ́n wá olè nínú ẹ̀jẹ̀ Àìná, wọn ò rí i. Ó ní wọ́n wá àwọn ọmọ ogun tó mọ olè, wọ́n rí wọn, wọ́n pọ̀ yanturu, kì í ṣe ti àyálò mọ́, ti Àìná gan-an ni, nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti dàgbà! Ẹ yin Ọlọ́run fún mi! Ohun tó kọjá lára ìyá mi sí mi, tó kọjá lára mi sí Amudat, ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì tìlẹ̀kùn mọ́ ọn! Nọ́ọ̀sì Falmata ta gúdà, ariwo ayọ̀ tí wọ́n máa ń fi ahọ́n ta níbí, àwọn aboyún tó wà lórí bẹ́ńṣì gbè é láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo jó títí ìborùn mi fi já bọ́. Amudat gbọ́ gúdà, ó mọ̀, ó di mọ́ mi. Suhaib ní tirẹ̀ sáré lọ sí Post Office, ó tan jẹnẹrétọ̀, ó kó gbogbo fáànù rẹ̀ síta, ó sì tan gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá nínú ooru gba afẹ́fẹ́ ọ̀fẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Gèlè àwọn èèyàn ń fò. Wọ́n ní ṣé àṣìwèrè ni. Ó ní Yauwa, bẹ́ẹ̀ ni, òun ni.

Ohun tó kù rèé. Nígbà tí mo jó tán, mo ní kí Nọ́ọ̀sì Falmata bá mi wá fọ́ọ̀mù mi àtijọ́ jáde, èyí tó lófìfo. Mo fi ẹnu ara mi kà. Mo ní Rasaq, ọ̀kan. Amudat, èjì. Ó kọ orúkọ yín síbẹ̀. Iwájú orúkọ Amudat, ó kọ ohun tí wọ́n rí àti oògùn tó ń lò. Iwájú orúkọ tìrẹ, kò rí nǹkan kan kọ.

Àlàmú, nígbà tí mo bí ọ, ìyá àgbà ló gbẹ̀bí rẹ nínú yàrá, kò sẹ́ni tó fi ẹ̀wù olè han ẹnì kankan. Ó lè má sí lára rẹ. Ó sì lè wà níbẹ̀, kí ojú rẹ funfun báláú, kí ó má dùn ọ́ níbì kan. Bó bá wà níbẹ̀, èmi ni mo fún ọ, láìmọ̀. Má fura sí ọ̀rẹ́, má fura sí Tèmi, má bá ẹnikẹ́ni yan odì bí mo ṣe ṣe. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ fún wọn lẹ́jẹ̀ ná. Kí Tèmi náà lọ. Bí wọn ò bá rí i lára rẹ̀, kí ó gba abẹ́rẹ́ ẹ̀wù olè lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó ṣègbéyàwó, òun ti lórúkọ, kò ní àwáwí.

Owó páànù ilé mi tó ń jò, tí mo ti ń béèrè láti ọdún méjì, má fi ránṣẹ́. Màá gbé korobá síbi tó ń jò. Fi owó náà yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì wò. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́ kù o, fi ìyókù ránṣẹ́ fún owó ọkọ̀ mi, kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n lè ra kilishi, ẹran gbígbẹ tí wọ́n ń tà níbí, wá fún àwọn ará ilé, wọn kò ní gbà pé mo dé Maiduguri bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo. Má sì sọ fún mi lórí fóònù pé ó ti dáa, Màámi. Ìwé ni mo fẹ́, tó ní òǹtẹ̀. Falmata ti ṣí ojú ewé yẹn sílẹ̀ dè mí.

Ọlọ́run tó kó ọmọ ogun sínú rẹ kí n tó mọ̀ ọ́n yóò jẹ́ kí wọ́n mọ orúkọ rẹ. Wọ́n kò ní sùn, kò ní rẹ̀ wọ́n, wọn kò ní dáná sun ilé tí wọ́n ń ṣọ́. Wàá bímọ, ọmọ rẹ yóò sì ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí igbe rẹ̀ dé ọjà. Àìná kí ọ, ó ń fi ọwọ́ fa ìwé yìí mọ́ mi lọ́wọ́. Láyé mi, n kò ka ọmọ rí. Mo ti kà yín báyìí, méjì lẹ jẹ́. Má jẹ́ kí n tún yín kà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àgbékẹ́.